Kí ẹ̀rọ tó gúnlẹ̀: lórí àwọn tó yẹ kó jọ wo ilẹ̀ kí a tó gbẹ́ kànga ní Ṣábẹ̀ẹ́, Kétu àti Àjàṣẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kànga ẹ̀rọ ni a fẹ́ bá àwọn òǹkàwé yín sọ. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dé Kétu, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè), ìbéèrè kan náà làwọn èèyàn ń bi ara wọn: kí ló dé tí wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ méjì tí kò jìnnà síra, tí ọ̀kan ń pọn omi tọ̀sán tòru, tí èkejì sì gbẹ kó tó pé ọdún kan? Èsì tó yá lẹ́nu ni pé ilẹ̀ ibẹ̀ ló burú, tàbí pé ẹni tó gbẹ́ ẹ kò mọṣẹ́. Nígbà mìíràn bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n ohun tó sábà máa ń fà á ni pé àwọn tó yẹ kí wọ́n jọ wo ilẹ̀ náà kò jọ wò ó. Onímọ̀ òkúta wá lọ́jọ́ tirẹ̀, ó lọ. Onímọ̀ ojú ilẹ̀ jókòó sí Kútọnu, ó ya máàpù tirẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Onímọ̀ àyíká kò dé rárá, àfìgbà tí omi ti ń rùn.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ tó gúnlẹ̀ sí abúlé kankan, kí àwọn mẹ́ta yìí dúró sójú kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sórí ìwé kan ṣoṣo. Ìdí tí a fi ń sọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀.

Ilẹ̀ wa kì í ṣe ọ̀kan. Nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ló jókòó lórí àpáta àtijọ́ tó gba gbígbóná àti fífúnpọ̀ ńlá ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Orí àpáta yìí ni Ṣábẹ̀ẹ́ wà, àwọn òkè ńlá tó yí ìlú náà ká sì jẹ́ òkúta akọ inú rẹ̀ tó yọrí síta. Bí èèyàn bá ti ń bọ̀ ní gúúsù, àpáta náà ń rì lọ sísàlẹ̀, iyanrìn, amọ̀ àti òkúta ẹfun sì ń gorí rẹ̀. Kétu wà lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ gíga, ní etí àríwá ibi tí iyanrìn àti amọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Láti Kétu sí Pọ́bẹ̀, ilẹ̀ á tún rì wọnú àfonífojì amọ̀ dúdú tó ń lẹ̀ mọ́ bàtà nígbà òjò, tó sì ń sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àgbègbè yẹn náà ni òkúta ẹfun Onígbolo tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ pupa tó gba Sàkétẹ́ dé Àjàṣẹ́, kó tó wá kan ọ̀sà. Iṣẹ́ tó bá ilẹ̀ kan mu nínú wọn lè ba ti èkejì jẹ́.

Ẹ gbà wá láyè ká yà bàrá díẹ̀. Ìlà sísán ńlá kan wà nínú àpáta Bẹ̀nẹ̀ tó gba Kandi kọjá láti àríwá wá sí gúúsù. Àwọn onímọ̀ òkúta so ó mọ́ ìlà sísán Sobral ní Brasil, nítorí pé Áfíríkà àti Gúúsù Amẹ́ríkà ti lẹ̀ mọ́ra rí. Alfred Wegener, ará Jámánì tó kó ẹ̀rí jọ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní 1912, onímọ̀ ojú ọjọ́ ni, kì í ṣe onímọ̀ òkúta. Ó wo òkúta, ó wo egungun ẹranko àtijọ́ tó wà nínú rẹ̀, ó wo ipa tí yìnyín àtijọ́ fi sílẹ̀, ó sì kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, bí a ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn mẹ́ta wa yìí ṣe. Àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ tí àwọn bàbá ńlá wọn ti Brasil padà dé mọ òkun tó wà láàárín. Òkúta ti so wá pọ̀ kí òkun yẹn tó wà.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti Ṣábẹ̀ẹ́, nítorí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti le jù. Òkúta akọ tí kò sán kì í gba omi sára. Bí a bá gbẹ́ ẹ dé mítà 200, eruku gbígbẹ ni ẹ̀rọ yóò máa fẹ́ jáde. Ibi méjì lomi ń gbé nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ni ìpele òkè, níbi tí òkúta ti jẹrà tó di bí iyanrìn alámọ̀. Ó lè nípọn tó mítà 20, ó sì lè má ju mítà méjì lọ lẹ́sẹ̀ àwọn òkè. Èkejì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí òkúta kò tíì jẹrà ṣùgbọ́n tó ti sán wẹ́wẹ́. Ìpele òkè ni ìkòkò tó ń tọ́jú omi. Pàlàpálá ìsàlẹ̀ ni ọ̀nà tí omi ń gbà sáré wọ kànga. Bí ìkòkò bá wà láìsí ọ̀nà, omi á máa kán tó-tó-tó. Bí ọ̀nà bá wà láìsí ìkòkò lórí rẹ̀, kànga á tú omi lọ́jọ́ tí àwọn àlejò wá ṣí i, á sì gbẹ kí oṣù kẹta ẹ̀ẹ̀rùn tó pé. Ẹni tó ń wá omi ní Ṣábẹ̀ẹ́, ibi tí ìkòkò àti ọ̀nà ti pàdé ló ń wá.

Àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òkè ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwòrán sátẹ́láìtì Landsat ti Amẹ́ríkà ti di ọ̀fẹ́ láti 2008. Sentinel-2, sátẹ́láìtì ti Yúróòpù tí àkọ́kọ́ rẹ̀ gòkè ní 2015, ń fi ilẹ̀ hàn débi mítà 10. Onímọ̀ ojú ilẹ̀ á máa wá ìlà tó gùn tó sì tọ́: ibi tí odò kékeré ti ṣẹ́rí lójijì, ibi tí igi tútù ti tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ ní oṣù kejì nígbà tí koríko yòókù ti gbẹ. Irú ìlà bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ibi tí àpáta ti sán. Ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn. Ọ̀nà rélùwéè tó ti Kútọnu lọ sí Pàràkú gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá, ó tọ́, ó gùn, kọ̀ǹpútà tí a bá ní kó fúnra rẹ̀ wá ìlà yóò sì mú un bí ẹni mú ẹja. Ọ̀nà ọ̀dà, ibi tí wọ́n ti gé igi nítorí wáyà iná, ààlà oko kajú, ibi tí iná ìgbẹ́ dúró sí, gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí èyí ni a kò fi gbọ́dọ̀ fọkàn tán ìlà kankan tí ẹsẹ̀ èèyàn kò tíì dé.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bá dé ibẹ̀, nǹkan mìíràn á máa sọ̀rọ̀. Ògán tó tò lórí ìlà kan náà jẹ́ àmì tí ó yẹ kí a wò, nítorí pé ikán nílò ọ̀rinrin àti amọ̀. Igi ńlá tí ewé rẹ̀ kò wọ́ nínú ọyẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń pọn omi èyí tó pẹ́ jù kó tó gbẹ nínú àwọn kànga ọlọ́wọ́ abúlé náà, àti oṣù tó ń gbẹ. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju máàpù lọ. Kí onímọ̀ òkúta sì fi kọ́ńpáàsì wọn ibi tí sísán òkúta kọjú sí lára àpáta tó yọrí síta. Bí ìlà orí àwòrán àti sísán ara òkúta bá kọjú síbì kan náà, ó ti di ohun tí a lè náwó sí.

Àṣìṣe kan wà níbi yìí tó ń ba iṣẹ́ púpọ̀ jẹ́, ó sì kéré débi pé ojú ń ti àwọn èèyàn láti sọ ọ́. Òǹkà ibùdó ni. Ẹni kan kọ 8°02'30'' (dígírì 8, ìṣẹ́jú 2, ìṣẹ́jú-àáyá 30) sínú ìwé, ẹlòmíràn tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà bíi 8.0230. Irọ́ ni. Ìṣẹ́jú 60 ló wà nínú dígírì kan, ìṣẹ́jú 2 àti ààbọ̀ sì jẹ́ 0.0417, nítorí náà 8.0417 ló yẹ kó jẹ́. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lórí ilẹ̀ lé ní kìlómítà 2. Abúlé mìíràn ni ẹ̀rọ yóò lọ gbẹ́. Bákan náà, àwọn máàpù bébà àtijọ́ kò lo ìpìlẹ̀ ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú GPS, ibùdó kan lè fi ọgọ́rùn-ún mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sún bí a bá gbé e láti orí ọ̀kan sórí èkejì láìṣe àtúnṣe, nígbà tí sísán tí a ń lé kò sì ju mítà 20 ní fífẹ̀ lọ. Kí gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fẹnu kò kí wọ́n tó kúrò nílé: WGS84, ìyẹn ìpìlẹ̀ ìwọ̀n tí GPS ń lò, àti UTM, ìlànà máàpù tó pín ayé sí ẹkùn-ẹkùn, ẹkùn 31 àríwá, nítorí inú ẹkùn 31 ni gbogbo Bẹ̀nẹ̀ wà.

Ó wá kan wíwọn bí ilẹ̀ ṣe ń takò iná, nítorí òkúta olómi kì í takò ó tó òkúta gbígbẹ. Conrad Schlumberger, ará Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò ní 1912, ọ̀nà náà kò sì tíì yí padà púpọ̀. Èèkàn irin mẹ́rin ni a ń gún mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan. Bátìrì ń ti iná wọlẹ̀ láti èèkàn méjì tó wà lẹ́yìn, a sì ń ka agbára iná tó dé èèkàn méjì àárín. Bí èèkàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fi mítà 20 jìnnà síra wọn dọ́gba, a ó ṣe 2 × 3.14 × 20, yóò jẹ́ nǹkan bí 126. Bí iná tó wọlẹ̀ bá jẹ́ mílíáńpíà 100, tí èyí tí a kà láàárín jẹ́ mílífóòtù 150, 150 pín sí 100 jẹ́ 1.5, 1.5 × 126 sì di bí ohm-mítà 188. Ohm-mítà ni ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe ń takò iná. Òkúta akọ tí kò sán á máa lé ní 1,000 dáadáa. Òkúta tó jẹrà tí omi wà nínú rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín nǹkan bí 20 sí 200 àti díẹ̀. Amọ̀ lásán lè wá sísàlẹ̀ 20.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: wọ́n rò pé ibi tí òǹkà ti kéré jù lomi ti pọ̀ jù. Amọ̀ ń gbà kí iná kọjá ju òkúta olómi lọ, ṣùgbọ́n kì í tú omi sílẹ̀. Ohun tí a ń wá kì í ṣe òǹkà tó kéré jù, bí kò ṣe ibi tóóró kan tí òǹkà ti rẹlẹ̀ láàárín ibi tó ga. Nítorí náà a máa ń rin ìlà náà ní dídábùú sísán, kì í ṣe ní títẹ̀lé e, pẹ̀lú èèkàn iná méjì tó fi mítà 200 jìnnà síra, tí a ń ka òǹkà ní gbogbo mítà 10. Bí a bá ti rí ibi tóóró náà, a ó dúró lójú kan, a ó máa fa àwọn èèkàn ẹ̀yìn jìnnà díẹ̀díẹ̀ kí iná lè wọlẹ̀ jìn sí i, a ó sì ya gbogbo òǹkà sórí bébà oní-lọ́gì, èyí tí òǹkà ara rẹ̀ ń fi ìlọ́po mẹ́wàá-mẹ́wàá ga. Bí ìparí ìlà inú àwòrán náà bá gòkè ní igun 45, òkúta líle gan-an ló wà nísàlẹ̀. Bí ó bá gòkè jẹ́jẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, òkúta náà ṣeé ṣe kó ti sán, ibẹ̀ sì ni ìrètí wà.

Ohun tó ń ba òǹkà jẹ́ pọ̀. Yangí gbígbẹ kì í jẹ́ kí iná wọlẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ní láti bu omi iyọ̀ sídìí èèkàn, ṣùgbọ́n omi náà kò gbọ́dọ̀ ṣàn láti èèkàn kan dé èkejì. Wáyà iná ńlá, ọgbà onírin, páìpù irin àti irin rélùwéè ń fa iná sọ́dọ̀ ara wọn. Ẹni tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun wọ̀n ní mítà 15 sí ọgbà onírin yóò rò pé òun ti rí omi.

Nígbà tí a bá ń gbẹ́, kí wọ́n máa bu ohun tó ń jáde ní gbogbo mítà kan, kí wọ́n tò ó sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, kí onímọ̀ òkúta wò ó kí àwọn ọmọdé tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí wọ́n kọ mítà tí omi kọ́kọ́ yọ, àti gbogbo ibi tó tún ti pọ̀ sí i. Bí ẹ̀rọ bá ti wọ òkúta líle lọ jìnnà láìrí sísán, wọ́n á máa rọ agbẹ́lẹ̀ pé kó ṣáà máa lọ. Ìyẹn kì í sábà mú èrè wá: lẹ́yìn mítà 60 sí 80, sísán inú àpáta ń dínkù. Ó sàn kí a ṣí lọ sí ojú kejì tí a ti wọ̀n.

Fún pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ tàbí ẹlẹ́sẹ̀, nǹkan bí lítà 700 ní wákàtí kan ni wọ́n sábà ń kà sí èyí tó kéré jù tí kànga gbọ́dọ̀ tú. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè oṣù tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Omi inú ilẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ ń ga sókè lẹ́yìn òjò, ó lè fi mítà mélòó kan ga ní oṣù kẹwàá ju bó ṣe wà ní oṣù kẹta lọ. Kànga tí wọ́n dán wò ní oṣù kẹwàá, tí wọ́n sì gbé ojú pọ́ǹpù kọ́ sókè nítorí pé omi sún mọ́ ojú ilẹ̀, yóò máa mu afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá gbóná. Ìdí nìyẹn tí onímọ̀ àyíká fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ṣábẹ̀ẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ibùdó ojú ọjọ́ ńlá orílẹ̀-èdè yìí, òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún sì ń súnmọ́ mìlímítà 1,100, ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni oòrùn àti ewé igi ń gbà padà. Èyí tó bá ṣẹ́kù ló ń wọlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ kò bá tíì gan. Níbi tí wọ́n ti gé igi tán fún èédú, òjò àkọ́kọ́ ń lu ilẹ̀ di pẹpẹ, omi á sì sáré lọ sínú odò Ọ̀pàrà tàbí odò Wẹ̀mẹ̀ dípò kó wọ ìkòkò.

A tún ní láti sọ̀rọ̀ eyín. Òkúta akọ àárín Bẹ̀nẹ̀ ní ohun dúdú dídán pẹlẹbẹ kan nínú tí wọ́n ń pè ní biotite, inú rẹ̀ sì ni èròjà kan tó ń jẹ́ fílóráìdì ti ń yọ́ wọ omi tó bá pẹ́ nínú sísán. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi òpin sí mílígíráàmù 1.5 nínú lítà kan. Àwọn olùwádìí ti rí omi tó kọjá bẹ́ẹ̀ ní ẹkùn Collines, pàápàá lágbègbè Ìdààṣà. Eyín àwọn ọmọ tó ń mu ún á kọ́kọ́ ní àbàwọ́n àwọ̀ ilẹ̀. Bó bá pọ̀ jù tó sì pẹ́, egungun ló ń mú. Omi náà mọ́ lójú, ó dùn lẹ́nu. Sísè kò sì lè mú fílóráìdì kúrò. Ńṣe ló ń pọ̀ sí i nínú omi tó kù sínú ìkòkò. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ àfi ẹni tó bá wọ̀n ọ́n, wíwọ̀n yẹn sì yẹ kó ṣáájú kí wọ́n tó rọ kọnkéré sídìí pọ́ǹpù.

Bíbu omi lọ fún àyẹ̀wò náà ní ìlànà tirẹ̀. Omi tó ti pẹ́ nínú páìpù kì í ṣe omi ilẹ̀. Ẹ pọn ún dànù tó ìlọ́po 3 ohun tó wà nínú páìpù kí ẹ tó bu èyí tí ẹ ó gbé lọ. Páìpù tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 ń gba bíi lítà 8 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Bí omi inú rẹ̀ bá ga tó mítà 30, nǹkan bí lítà 700 ni ẹ ó pọn dànù. Ẹ fi omi náà ṣan ìgò lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ wọn ìgbóná, pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó) àti bí omi ṣe ń gbé iná lójú ibẹ̀, torí wọ́n ń yí padà lójú ọ̀nà. Ìgò tí wọ́n fẹ́ fi wá kòkòrò nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀, kí ó wà nínú yìnyín, kí ó sì dé yàrá àyẹ̀wò kó tó pé wákàtí 24.

Kétu yàtọ̀. Lórí ilẹ̀ gíga yẹn, kì í ṣe sísán àpáta ni à ń wá bí kò ṣe ìpele iyanrìn láàárín ìpele amọ̀, ó sì lè jìn kọjá mítà 100. Ẹni tó bá gbé ìlànà Ṣábẹ̀ẹ́ lọ síbẹ̀, tó ń rin ìlà kiri wá ibi tóóró, fàákájá ni. Ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ lu òkúta kò ní ṣiṣẹ́ nínú iyanrìn tó ń ya lulẹ̀. Ẹrẹ̀ ni wọ́n ń fi gbé ihò dúró. Ẹrẹ̀ yẹn ló wá ń dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ gé nísàlẹ̀ ń pẹ́ kó tó gòkè, ó sì ń dàpọ̀ mọ́ ti òkè, tí ẹni tó ń kọ̀wé á kọ iyanrìn síbi tí amọ̀ wà. Bí wọ́n bá wá gbé páìpù alásẹ́ síwájú amọ̀, kànga gbẹ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi wà ní mítà 5 sísàlẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí wọ́n sọ ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ìtànṣán gamma sínú ihò kí wọ́n tó fi páìpù wọlẹ̀, torí pé ìtànṣán tí amọ̀ ń tú jáde pọ̀ ju ti iyanrìn lọ. Lẹ́yìn èyí, ihò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju páìpù lọ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10, kí òkúta wẹ́wẹ́ tó mọ́ lè yí àsẹ́ ká. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ fọ ẹrẹ̀ kúrò lára ihò títí omi á fi mọ́ kedere. Bí wọ́n bá kánjú níbẹ̀, iyanrìn ni pọ́ǹpù yóò máa jẹ. Bí èèyàn bá sì ti ń kúrò ní Kétu lọ sí ìhà Ṣábẹ̀ẹ́, iyanrìn yẹn ń fẹ́lẹ́, àpáta ń sún mọ́ òkè. Abúlé méjì nínú kọ̀múùnù kan náà lè nílò ẹ̀rọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Máàpù òkúta ló ń sọ èyí, kì í ṣe máàpù kọ̀múùnù.

Ní Àjàṣẹ́, rírí omi kì í ṣe ìṣòro. Omi wà nítòsí, pàápàá nísàlẹ̀ ìlú níhà ọ̀sà. Ohun tó ń wọ inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣáláńgá àti kànga jọ ń gbé agbo ilé kan náà. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń lò ni pé kí mítà 30 wà láàárín wọn, kí ìdí ṣáláńgá sì fi mítà 1.5 ga ju ojú omi ilẹ̀ lọ. Ta ló ní mítà 30 nínú agbo ilé ní Àjàṣẹ́? Náítíréètì, èròjà tó ń ti inú ìgbẹ́ àti ìtọ̀ wọ omi, tó bá kọjá mílígíráàmù 50 nínú lítà kan léwu fún ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi omi po wàrà ìgò fún: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́, ara rẹ̀ á máa ṣú. Òun náà kì í bá ooru iná lọ. Ohun tí olùwádìí lè ṣe ni kó yà á sórí máàpù kan náà: kànga, ṣáláńgá, gọ́tà, àti ìhà tí omi ilẹ̀ ń ṣàn sí. Kànga tó wà lókè ìṣàn lè mọ́ ní mítà 15 sí ṣáláńgá, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ ìṣàn bàjẹ́ ní mítà 40. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ ẹ̀wẹ̀, mítà 30 kò tó rárá bí sísán kan bá so méjèèjì pọ̀.

Iyọ̀ ni èkejì. Láti 1885 tí àwọn Faransé ti la ojú odò ní Kútọnu, omi òkun ń wọ adágún Nokoué nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì ń dé ọ̀sà Àjàṣẹ́. Ìkún odò Wẹ̀mẹ̀ ló ń lé e padà. Níbi tí iyanrìn bá ti bá òkun sọ̀rọ̀, bí omi dídùn bá fi mítà 1 ga ju ojú òkun lọ, nǹkan bí mítà 40 ni yóò jìn sísàlẹ̀ ojú òkun kó tó kan omi iyọ̀. Ẹ yí ìṣirò náà padà: bí fífà pọ́ǹpù bá mú ojú omi wálẹ̀ pẹ́ẹ́ ní ìdajì mítà, omi iyọ̀ lè gòkè tó mítà 20. Ẹni tó bá ń wọn omi kànga láìwọn bí ọ̀sà ṣe ga lọ́jọ́ yẹn, ìdajì ọ̀rọ̀ ló kọ.

Wíwọ̀n òjò àti ojú omi kànga jẹ́ ohun tí ilé ẹ̀kọ́ lè ṣe. Agbòjò tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà alápá-mẹ́rin 400: mìlílítà 40 nínú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1 òjò. Kó jìnnà sí igi tàbí ilé tó ìlọ́po 2 gíga nǹkan náà, kí wọ́n sì máa kà á ní aago kan náà láràárọ̀. Ojú omi kànga, ẹ wọ̀n ọ́n kí àwọn obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọn, ẹ má sì gbàgbé láti yọ gíga ẹnu kànga kúrò: mítà 11.40 láti ẹnu rẹ̀, tí ẹnu náà fi 0.85 ga sílẹ̀, mítà 10.55 ni.

Pé àwọn olùwádìí lè jọ ṣiṣẹ́, a ti rí i. Láti ọdún 2000, ìwádìí IMPETUS tí àwọn yunifásítì Bonn àti Köln ní Jámánì darí kó onímọ̀ ojú ọjọ́, omi, ilẹ̀, ohun ọ̀gbìn àti àwọn tó mọ ìgbésí ayé èèyàn jọ sórí odò Wẹ̀mẹ̀ lókè. Àwọn olùwádìí AMMA-CATCH náà ń wọn òjò, odò àti omi ilẹ̀ lágbègbè kan náà. Ohun tí ó dùn wá ni pé àwọn tí odò náà gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá kì í sábà gbọ́ ohun tí wọ́n rí lédè tí wọ́n ń sọ. Fílóráìdì ní ìtumọ̀ ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ìyá tó ń pọn omi yẹ kó gbọ́ ọ ní Yorùbá.

Òfin omi wà, 2010-44, ti oṣù kọkànlá ọdún 2010. A kò béèrè fún òfin mìíràn. A fẹ́ kí ìwé kan wà fún ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀dà kan wà ní méérì, ọ̀kan lọ́wọ́ baálẹ̀, ọ̀kan lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ omi ìjọba. Kí ó ní ibùdó pẹ̀lú irú ìwọ̀n tí wọ́n lò. Òǹkà iná àti ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ohun tó jáde ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ibi tí àsẹ́ wà. Ojú omi, oṣù, àti lítà tó tú ní wákàtí kan. Fílóráìdì, náítíréètì àti iyọ̀. Ṣáláńgá, àkìtàn, ibi tí màlúù ń gbà àti ibi tí wọ́n ń po oògùn òwú sí láàárín mítà 200. Kí àwọn mẹ́ta tí a dárúkọ lókè fọwọ́ sí i.

Kí wọ́n sì kọ ọ́ fún ihò tí kò lómi pẹ̀lú. Ìyẹn ni wọ́n máa ń rò pé kò yẹ ní kíkọ: wọ́n á bò ó, wọ́n á gbàgbé rẹ̀, lẹ́yìn ọdún márùn-ún ẹlòmíràn á tún wá náwó gbẹ́ ihò mítà 70 sí mítà 12 sí i. Bí ìwé ìròyìn yín bá lè tẹ àwòṣe ìwé yìí jáde lójú ewé kan, a ti ṣe tán láti kọ ọ́ ránṣẹ́ ní Yorùbá àti ní Faransé, láìgba owó.

Àwa díẹ̀ lára àwọn tó ń ṣe ìwádìí ilẹ̀, omi àti àyíká,
Ṣábẹ̀ẹ́